Páálí Bàbá Fìlà

Ẹ̀kọ́ ilé dára, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Òun náà ni wọ́n fi tọ́ èmi. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ohun tí ẹ̀kọ́ ilé fojú mi rí láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré níbi iṣẹ́ mi, ẹ ó gbà fún mi pé ó yẹ kéèyàn lè bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bíi bàtà, kó wọlé ṣiṣẹ́ rẹ̀, kó tún un wọ̀ nígbà tó bá ń relé.

Ọkọ mi ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé ni kó tó wá bá mi nílùú òkèèrè. Ọdún mẹ́rìnlélógún ló fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Tísà ni gbogbo ayé ń pè é, èmi tí mo bímọ méjì fún un náà, Tísà ni mò ń pè é. Ọdún mẹ́fà ni mo ti dá wà níbí kí wọ́n tó jẹ́ kó wá bá mi. Ọdún mẹ́fà tí mò ń dá jẹun, tí mò ń dá sùn, tí mò ń bá ògiri sọ̀rọ̀, tí ògiri ò sì bi mí lọ́jọ́ kan pé báwo ni mo ṣe jí. Lọ́jọ́ tó balẹ̀, bí mo ṣe rí i tó ń fa àpótí ìwé rẹ̀ bọ̀, ẹkún ni mo bú sí. Mo sunkún títí ọ̀gá kan tó ń yẹ ìwé wò fi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ṣé ọkùnrin yìí ti lù mí rí.

Àmọ́ ìwé ìgbélùú tí wọ́n fún un, oṣù mẹ́jọ ni ọjọ́ orí rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sí i gbangba pé bí oṣù mẹ́jọ bá pé tí kò sí ibi iṣẹ́ kan tó kọ lẹ́tà pé àwọn gbà á, kó padà síbi tó ti ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan ló kù.

Kì í ṣe pé Tísà ò wáṣẹ́. Iṣẹ́ ló ń rí i tó ń sá. Níbi àkọ́kọ́ tó lọ, wọ́n bi í pé kí ni nǹkan tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ. Ó ní òun ò lè fẹnu ara òun yin ara òun, kí wọ́n lọ bi àwọn ará àdúgbò òun. Wọ́n ní níbo làwọn ará àdúgbò náà wà. Ó fara balẹ̀ júwe ilé fún wọn. Ọkọ̀ òfuurufú méjì àti ọkọ̀ ojú títì kan lèèyàn máa wọ̀ kó tó débẹ̀. Níbi kejì, wọ́n ní ṣé ó ní ìbéèrè fún àwọn. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé wọ́n kàn ń sọ ọ́ lásán ni. Tísà yọ ìwé kan lápò, ìbéèrè mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ìkẹrin sì ni pé kí ẹni tó ń dán òun wò fi ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ náà hàn. Níbi kẹta, ilé ìdáná ilé ìwòsàn kan, wọ́n gbà á kó máa fọ abọ́. Ó fọ̀ wọ́n mọ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ó tún tò wọ́n láti orí èyí tó kúrú jù dé èyí tó ga jù, bí ọmọ iléèwé tó tò fún àdúrà àárọ̀, ó sì ń kà wọ́n níkọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó jáde. Àwọn aláìsàn ò rí abọ́ jẹun títí oòrùn fi kanrí. Ọjọ́ náà ni wọ́n ní kó máa lọ.

Ni mo bá lọ bá ọ̀gá tèmi níbi iṣẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni. Fèrè kan ló máa ń so kọ́ ọrùn, ìyẹn la ṣe ń pè é ní Onífèrè.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni màá fi dán an wò," Onífèrè ló wí bẹ́ẹ̀. "Bó bá máa fi di ọjọ́ kẹta tó lè ṣe àádọ́jọ, màá kọ lẹ́tà. Bí kò bá lè ṣe é, má bínú sí mi o."

"Mi ò ní bínú," ni mo wí. Irọ́ ni mò ń pa.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé àádọ́jọ yìí. Ilé ìkẹ́rùsí ni ibi iṣẹ́ wa, ó gùn tó pápá ìṣeré, páálí ọṣẹ ló sì kún inú rẹ̀ dé òrùlé. Àwọn akẹ́rù á lọ sídìí pẹpẹ, wọ́n á mú páálí kan, wọ́n á gbé e wá sórí bẹ́líìtì gígùn kan tó ń rìn fúnra rẹ̀, bẹ́líìtì náà á sì gbé e wá bá èmi lẹ́yìn, kí n lẹ ìwé ibi tó ń lọ mọ́ ọn lára. Akẹ́rù kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀rọ kékeré kan lọ́rùn ọwọ́, ó dà bí aago. Bó o bá ti fi kan páálí lórí pẹpẹ, á dún, pìì. Páálí yẹn ti di tìẹ nìyẹn, wọ́n ti kà á fún ọ. Àádọ́jọ pìì ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ èèyàn lójúmọ́. Bó o bá gbé ẹrù náà dé bẹ́líìtì o, bí ẹlòmíràn ló bá ọ gbé e o, ẹ̀rọ ò bìkítà. Pìì ló mọ̀.

Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Tísà nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó tún fa ìlà sábẹ́ rẹ̀.

Wákàtí kan ò tíì pé tí wọ́n fún un ní ẹ̀rọ tirẹ̀ tó fi rí Bàbá Fìlà. Bàbá Fìlà jẹ́ ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ọmọ ìlú níbẹ̀. Fìlà pupa kan wà lórí rẹ̀ tí kì í ṣí lójò àti lẹ́ẹ̀rùn. Bó bá ń rìn bọ̀, orúnkún rẹ̀ lèèyàn á kọ́kọ́ gbọ́. Ológbò kan ṣoṣo ló ń retí rẹ̀ nílé. Kò ṣe ju ọgọ́fà lọ rí lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni Onífèrè sì ti kìlọ̀ fún un. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìkìlọ̀ kẹta kì í ṣe ìkìlọ̀ mọ́, ọ̀nà ilé ni.

Láti ìdí tábìlì mi ni mo ti rí i nígbà tí Tísà yà kúrò lójú ọ̀nà tirẹ̀. Mo mọ ìrìn yẹn.

"Ẹ gbé e wá, sà," Tísà na ọwọ́ méjèèjì.

Bàbá Fìlà fa páálí mọ́ àyà. "Rárá. Tèmi ni."

"Mo mọ̀ pé tiyín ni, sà. Àmọ́ ẹ̀yin àgbà ò lè máa ru ẹrù lójú àwa ọmọdé."

Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta lọmọdé náà o. Ó gba páálí lọ́wọ́ bàbá, ó gbé e lọ sórí bẹ́líìtì, ó padà wá, ó tún tẹrí ba díẹ̀ kí bàbá kú iṣẹ́.

Ohun tí Tísà ò mọ̀ ni pé níbi tí a wà yìí, bí ẹnìkan bá gba ẹrù lọ́wọ́ àgbà, ohun tó ń sọ fún un ni pé agbára rẹ ti tán, máa lọ jókòó sílé. Bàbá Fìlà rò pé Onífèrè ló rán ọkùnrin yìí sí òun láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òun ti di arúgbó tí kò wúlò mọ́. Nígbà tó fi máa mú páálí kejì, ó wẹ̀yìn, ó rí Tísà tó ń bọ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì níwájú. Bàbá Fìlà sá.

Mo ti dáyé tipẹ́, mi ò rí àgbà tó ń sá fún ọ̀wọ̀ rí. Ó gba ẹ̀yìn pẹpẹ keje, ó yọ nítòsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, páálí ọṣẹ wà láyà rẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ jí gbé. Tísà ń tẹ̀ lé e, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra, kó má ṣubú. Bọ́wọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́, á gba páálí, á gbé e lọ, á sì padà wá kí i. Bàbá á tún sáré lọ sídìí pẹpẹ kó lè mú òmíràn kí wàhálà yìí tó dé. Pìì. Tísà ti dé. Pìì. Tísà tún ti dé. Láàárín wọn, wọ́n sáré débi pé àwọn akẹ́rù yòókù rò pé iná ń jó, àwọn méjì tiẹ̀ jáde síta.

Nígbà tí wọ́n fọn fèrè ìparí iṣẹ́, Bàbá Fìlà ti ṣe igba ó lé mẹ́wàá. Tísà ṣe mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kan wà lára ògiri wa tó máa ń gbé àwòrán ẹni tó bá pọ̀ jù lọ lọ́jọ́ náà jáde. Nígbà tí Bàbá Fìlà rí ojú ara rẹ̀ níbẹ̀, ó fa fìlà síwájú, ó fà á padà sẹ́yìn, ó fi wò ó bóyá òun náà ni. Láti ọdún mẹ́fà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀.

A wọ bọ́ọ̀sì relé. Àjà kẹrin là ń gbé, ẹ̀rọ tó ń gbéni gòkè ti bàjẹ́ kí n tó kó débẹ̀. Mo gbé àpò ìrẹsì tí a rà lọ́nà gun àtẹ̀gùn, mo gbé e kalẹ̀ nílé ìdáná, mo mí tán, kí n tó yíjú sí i.

"Tísà, ta ló ní kí ẹ máa bá bàbá oníbàbá gbé ẹrù?"

"Ìyá àwọn ọmọ mi," ó ní, "wọ́n ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo wo bàbá yẹn dáadáa. Kí ló lè ti jẹ tí kò ṣẹ́kù fẹ́nì kankan?"

"Ẹ ò bi í?"

"Ó ń sá ni."

Mo ní ó dáa. Mo ní ìwà tó ti mọ́ èèyàn lára, ìdánrawò ló ń wò ó. Mo gbé àpò ìrẹsì yẹn sáyà, mo ní, "Èmi ni Bàbá Fìlà. Mò ń ti ilé ìdáná bọ̀, mò ń lọ síbi bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yin, ẹ ń ti ibi bẹ́ẹ̀dì bọ̀. Ẹ ó kọjá lára mi. Ẹ ò ní na ọwọ́, ẹ ò ní kí mi, ẹ ò ní wẹ̀yìn."

Mo rìn. Ó kọjá. Mo tún rìn, mo tún ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ bí arúgbó. Ó kọjá. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ru àpò yẹn lọ bọ̀, ẹ̀ẹ̀meje ni Tísà kọjá lára mi tọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ó ti ń fi imú kọrin. Nígbà tó di ìkeje, ó jókòó, ó ní ṣé oúnjẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délẹ̀. Inú mi dùn. Mo ní ọkọ mi ti yege. Mo se oúnjẹ náà lọ́pọ̀, mo sì fi ẹja tó tóbi jù sínú abọ́ tirẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, kò kọjá lára ẹnikẹ́ni.

Èyí tó tún wá burú ni pé Bàbá Fìlà ti gbádùn ara rẹ̀. Àwòrán ara ògiri ti wọ̀ ọ́ lórí. Kò sá mọ́. Òun gan-an ló ń wá Tísà kiri. Á fi ẹ̀rọ kan páálí, pìì, á gbé e rìn wá síwájú ọkọ mi, á dúró, á di ìgbáròkó mú, á ní, "Yéè." Mo rí i tó ṣe yéè yìí níwájú Tísà, tó tún yọjú wò ó lábẹ́ fìlà bóyá ó ti wọ̀ ọ́ lára. Ó kúkú wọ̀ ọ́ lára. Tísà á di ojú, á ka ení, èjì, ẹ̀ta, á rìn díẹ̀. Bàbá á tún ní, "Yéè," èyí á gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí n tó lẹ ìwé mọ́ páálí kan tán, ọkọ mi ti ru ẹrù ẹlẹ́rù.

Bàbá Fìlà, igba ó lé ogójì. Tísà, mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Onífèrè pe àwọn méjèèjì. Ó kọ́kọ́ kọjú sí bàbá. "Àwọn ọ̀gá àgbà ti gbọ́ nípa rẹ. Wọ́n ní báwo lẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ṣe ń ṣe ju àwọn ọmọ ogún ọdún lọ. Wọ́n ń bọ̀ lọ́la wá wo bó o ṣe ń ṣe é." Mo rí i tí àwọ̀ ojú bàbá yí padà lábẹ́ fìlà. Ó wá kọjú sí Tísà. "Lọ́la nìkan ló kù fún ìwọ. Àádọ́jọ. Bí kò bá pé, kò sí lẹ́tà."

Nígbà tí a délé, mi ò tiẹ̀ lè jókòó. Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀meje lẹ kọjá lára mi lánàá. Ẹ̀ẹ̀meje, Tísà, pẹ̀lú àpò ìrẹsì láyà mi. Ọwọ́ yín ò gbọ̀n. Kí ló dé tí ẹ ò lè kọjá lára bàbá yẹn lẹ́ẹ̀kan péré?"

Ó rò ó dáadáa, torí kì í dáhùn ìbéèrè láìrò ó. "Ìwọ, àgbà ni ọ́ ni?" ó ní. "Ìyàwó mi ni ọ́. Ẹrù rẹ, ẹrù rẹ ni."

Bó ṣe sọ ọ́ gan-an ló dùn mí, torí kò fi bínú sọ ọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ìgbà tó ń ṣàlàyé ìyọkúrò fún ọmọ kíláàsì kejì. Mo dúró síbẹ̀, mo wá ń wo gbogbo rẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti fẹ́ ẹ. Omi tí mo pọn. Igi tí mo rù. Àpótí ìwé rẹ̀ tí mo gbé gun àtẹ̀gùn àjà kẹrin lọ́jọ́ tó dé, tóun ń tẹ̀ lé mi, tó ń sọ fún mi pé kí n rọra nítorí ìwé. Mo ní nínú ọkàn mi, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé, ó dáa, èmi ńkọ́? Kí ni mo jẹ?

Mo gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ débi tí abọ́ fi sọ̀rọ̀. Ó wo abọ́, ó wò mí, ó ní ṣé kò sí nǹkan. Mo ní kò sí nǹkan. Ìgbà tó yá ni mo sọ èyí tó wà ní ìsàlẹ̀ ọkàn mi fún un.

"Tísà, mi ò fẹ́ kí ẹ padà. Bí ẹ bá padà, mi ò mọ bí mo ṣe máa tún bá ògiri yìí sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, lọ́la, ẹ mójú kúrò lára bàbá yẹn. Ọjọ́ kan péré."

Ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní òun ti gbọ́. Ó ní òun ò ní na ọwọ́.

Ká sọ̀rọ̀ ká bá a bẹ́ẹ̀, ó gbìyànjú. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, kí àwọn àlejò tó dé, ó ti sáré ṣe ogún. Pìì, pìì, pìì, bí ẹyẹ. Mo ń kà á níbi tí mo wà, mò ń gbàdúrà sórí páálí kọ̀ọ̀kan kí n tó lẹ ìwé mọ́ ọn. Mo ní báyìí, kó tó di ọ̀sán, a ó ti dé ọgọ́rin.

Àwọn àlejò dé, àwọn mẹ́ta, ìwé àti pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ wọn. Obìnrin gíga kan ló ṣáájú wọn, gíláàsì ojú rẹ̀ so mọ́ okùn lọ́rùn. Wọ́n dúró yí Bàbá Fìlà ká bí ẹni tó fẹ́ wo eré. Bàbá mú páálí àkọ́kọ́, ó gbé e dé bẹ́líìtì. Ó mú ìkejì. Nígbà tó di ìkẹfà, orúnkún ti ń sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ṣe yéè. Kò di ìgbáròkó mú. Ó kàn ń rìn, ó ń wo ilẹ̀, òógùn ń ti abẹ́ fìlà pupa yẹn ṣàn wá sí ojú rẹ̀.

Tísà kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó di ojú, ó sì lọ forí sọ òpó. Ó kọjá lẹ́ẹ̀kejì, ó ń ka ìsodipúpọ̀ mẹ́tàlá sókè ketekete. Lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá dúró láàárín ọ̀nà. Páálí ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn mẹ́ta sì ń kọ̀wé. Tísà wo apá ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Mo mi orí fún un pé rárá. Mo fi gbogbo ara mi orí.

"Ẹ gbé e wá, sà," ọkọ mi wí.

Bàbá Fìlà gbé e fún un. Kò jà, kò sá. Láti ìgbà náà lọ títí di ìparí iṣẹ́, bàbá ń lọ níwájú lọ́wọ́ lásán, ó ń fi ẹ̀rọ kan páálí, pìì, ọkọ mi ń gbé e lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn àlejò ń tẹ̀ lé wọn. Èmi ń lẹ ìwé, omi ti bo ojú mi, ọwọ́ ara mi ni mo lẹ ìwé mẹ́rin mọ́. Díẹ̀ ló kù kí wọ́n gbé èmi náà ránṣẹ́.

Nígbà tí fèrè dún, obìnrin onígíláàsì ní kí wọ́n ṣàlàyé ohun tí òun fojú rí. Bàbá Fìlà ṣí fìlà. Ó pá lórí, a ò mọ̀ tẹ́lẹ̀.

"Èmi ni mo ni pìì," ó ní. "Òun ló ni ọwọ́."

Onífèrè ka iye jáde láti inú ìwé rẹ̀. "Bàbá, igba ó lé mọ́kànlélọ́gọ́rin. Èyí tí à ń dán wò, méjìlélógún. Kò pé."

Obìnrin náà kọ iye méjèèjì sábẹ́ ara wọn. Ó fa ìlà. "Àpapọ̀ wọn, igba ó lé mẹ́ta," ó ní. "Ọ̀ọ́dúnrún ló yẹ kí ẹni méjì ṣe. Kì í wá ṣe ẹnìkan ni kò ṣe tó. Àwọn méjèèjì ni." Ó wo bàbá, ó wo ọkọ mi, ó sì tú ojú ìwé tuntun. Bàbá di fìlà rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Mo mọ̀ pé àwọn méjèèjì ti gba ilé lọ, ọ̀kan sọ́dọ̀ ológbò, ọ̀kan sí òkè òkun.

Ṣùgbọ́n mo rí i tí Tísà ń na ọrùn sí ìwé obìnrin náà. Ọlọ́run ló mọ̀, kì í ṣe torí lẹ́tà. Ìṣirò tí kò tọ̀nà ni kò lè kọjá lára rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ó ní, "ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́ta ni."

"Kí lo wí?"

Ó gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí: ọ̀gá àwọn ọ̀gá wa, ọkọ mi gba pẹ́ńsùlù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ wò ó níbí yìí. Ọ̀kan àti méjì?"

"Mẹ́ta," obìnrin náà wí.

"Ẹ ṣeun. Mẹ́jọ àti méjì?"

"Mẹ́wàá," ó ní, ohùn rẹ̀ ti kéré.

"A kọ òdo. Ọ̀kan tó ṣẹ́kù, níbo lẹ fi í sí?"

Obìnrin náà wo ìwé. Ó ní òun gbàgbé rẹ̀. Tísà ní kò sí wàhálà, gbogbo èèyàn ló máa ń gbàgbé rẹ̀, kó tún un ṣe fúnra rẹ̀ kí òun máa wò. Obìnrin náà tún un ṣe. Nígbà tó gbà á, Tísà fi pẹ́ńsùlù sàmì sí i pé ó dáa. Ó ní kó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Àdúrà tí mò ń gbà nígbà náà ni pé kí ilẹ̀ là.

Obìnrin onígíláàsì wo àmì yẹn pẹ́. Ó ní, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe tẹ́lẹ̀?"

Mo di ojú. Mo ń retí kó ní kí wọ́n lọ bi àwọn ará àdúgbò òun.

"Tísà ni mí," ó wí, "mo sì mọ̀ ọ́n ṣe."

Obìnrin náà pa ìwé rẹ̀ dé. Ó sọ fún Onífèrè pé ẹni méjì ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, mẹ́ta sì tún lé. Kó kọ lẹ́tà fún un, kó jẹ́ kí àwọn méjèèjì máa jọ ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó sì fi fèrè sílẹ̀ díẹ̀, ó ń dun òun létí.

Nígbà tí a ń relé, lẹ́tà ni Tísà gbé dání pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni tó gbé ọbẹ̀ gbígbóná. Èmi gbé àpò ọjà méjì, ọ̀kan iṣu, ọ̀kan òróró àti ọṣẹ. A ń gun àtẹ̀gùn, ó ń lọ níwájú. Inú mi dùn dé ibi tí inú ń dùn dé, ejìká sì ń dùn mí. Ní àjà kejì, ó dúró. Ó yíjú, ó wò mí láti òkè wá, ó wo àpò, ó tún wò mí. Mo rí i tó ń ṣe ìṣirò kan lórí ara rẹ̀, tí kò sì jáde bó ṣe rò ó.

Ó ki lẹ́tà bọ àyà aṣọ. Ó na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ gbé e wá, mà," ó wí.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yìí, nígbà tó sì dé, mo fa àpò mọ́ àyà. Mo ní, "Kí ni mo ṣe?" Ó sọ̀ kalẹ̀ níṣísẹ̀ kan. Ẹ má bi mí léèrè ìdí, mo sá. Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo sáré gun òkè pẹ̀lú iṣu àti òróró, ó ń tẹ̀ lé mi, ó ń bẹ̀ mí pé kí n rọra, kí n má ṣubú. Ará ilé kan ṣílẹ̀kùn, ó wò wá, ó ti ilẹ̀kùn rẹ̀ padà.

Ní àjà kẹta, èémí tán. Mo jẹ́ kó gbà á lọ́wọ́ mi, ọ̀kan, ìkejì. Ọwọ́ mi ṣófo, mi ò mọ ibi tí mo lè kó wọn sí. Ó gbé àpò méjèèjì sáyà, ó ń mí gúlegúle, ó ń dúró kí n máa lọ níwájú. Mo na ìka kan, mo fi kan àpò iṣu.

Mo ní, "Pìì."